Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Fífi Owó Díẹ̀ Gbé Òkè Òkun

Ka àyọkà yìí, kí o sì dáhùn àwọn ìbéèrè tó tẹ̀lé e.

Ká ní ọ̀rẹ́ rẹ kan ní Ìbàdàn ń bọ̀ wá kàwé ní Yunifásítì Houston. Àbúrò màmá rẹ̀ ń gbé ní Katy, wọ́n sì ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kan náà ń wá ẹni kẹrin tí wọn yóò jọ gba ilé nítòsí yunifásítì. Ó bi ọ́ pé, "Èwo ni kí n mú?" Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Jẹ́ ká wo ilé méjèèjì.

Ilé Àǹtí

Katy wà ní ìwọ̀-oòrùn Houston, ó sì tó nǹkan bí 30 máìlì sí àárín ìlú. Bọ́ọ̀sì METRO máa ń gbéra ní ibùdókọ̀ Grand Parkway lọ sí àárín ìlú láàárín ọ̀sẹ̀. Láti ibẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin Purple Line, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015, dé yunifásítì. Ìdajì owó ọkọ̀ ni METRO ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní káàdì wọn. Ṣùgbọ́n tí àkókò bọ́ọ̀sì kò bá bá àkókò kíláàsì rẹ̀ mu, yóò ní láti ra mọ́tò, kó san owó ìbánigbófò, kó sì máa ra epo. Ilé ọ̀fẹ́ lè wá di ilé olówó gọbọi.

Kò ní sanwó ilé, ṣùgbọ́n kò ní káwọ́ gbera. Kó tó kó ẹrù dé, kó béèrè pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ máa fẹ́ kí n máa ṣe nínú ilé?" Ìbéèrè yìí kò rí wọn fín; ìjà ọ̀la ló ń dènà.

Ilé àjọgbà

Owó ilé tí a pín sí mẹ́rin kò wúwo. Síbẹ̀, kó ka ìwé àdéhùn dáadáa kó tó fọwọ́ sí i. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, bí ẹnì kan bá sá lọ láìsanwó, àwọn tó kù ni yóò san tirẹ̀. Àwọn onílé kan máa ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀. Ìyẹn sàn jù.

Ohun tó ju owó ilé lọ

Ní Texas, akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè tó bá gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ onídíje tí kò dín ní 1,000 dọ́là ní yunifásítì ìjọba lè láǹfààní láti san iye tí ọmọ Texas ń san. Kó wádìí èyí kó tó wá ilé rárá.

Lórí físà F-1, iṣẹ́ inú ọgbà ló lè ṣe ní ọdún kìíní, kò sì gbọdọ̀ ju 20 wákàtí lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé. Lẹ́yìn ìkẹ́kọ̀ọ́yege, OPT fún un láyè láti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kò bá níṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju 90 lọ. Ìgbà yẹn ni yàrá lọ́dọ̀ Àǹtí tún wúlò jù.

Àjọ náà wà. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá 200 dọ́là lóṣooṣù, ẹnì kan á kó 2,000 lóṣù kọ̀ọ̀kan, láìsí èlé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó o gbọ́dọ̀ máa dá a títí dé òpin.

Èrò tèmi nìyí: bí bọ́ọ̀sì bá bá kíláàsì rẹ̀ mu, kó lo sáà kìíní ní Katy, kó tọ́jú owó, kó mọ àwọn ènìyàn, kó tó bá wọn gba ilé.

Gírámà: kí … tó

Ka ìwé náà kí o tó fọwọ́ sí i. Lo "kí … tó" nínú gbólóhùn mẹ́ta tìrẹ.

Ìbéèrè

1. Báwo ni ilé ọ̀fẹ́ ṣe lè di ilé olówó gọbọi?
2. Kí nìdí tí ọ̀rẹ́ rẹ fi ń lo "ẹ" fún Àǹtí?
3. Ǹjẹ́ o gbà pẹ̀lú èrò òǹkọ̀wé? Kọ lẹ́tà kúkúrú sí ọ̀rẹ́ rẹ.