Agbẹrùró àti Adínfòkù: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Ìwálẹ̀ Ìdí Jíìpù Tí Ó Ń Fa Ẹrù

1. Ìfáárà

Ní Amẹ́ríkà, ó wọ́pọ̀ kí ìdílé so ọkọ̀ ojú omi kékeré tàbí ilé onítáyà mọ́ ẹ̀yìn jíìpù wọn. Bí ẹrù náà bá wúwo jù, ìdí jíìpù yóò wálẹ̀, imú rẹ̀ yóò sì gbé sókè. Ìṣòro ọ̀rọ̀ méjì ni ó dojú kọ atúmọ̀ èdè tí ó bá fẹ́ ṣàlàyé èyí ní Yorùbá. Èkíní ni pé tírélà ti di orúkọ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá. Nítorí náà ọkọ̀ àfàtẹ̀lé ni àpilẹ̀kọ yìí lò. Èkejì léwu ju ìyẹn lọ: àwọn kan ń da sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì pọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

2. Iṣẹ́ méjì, orúkọ méjì

Sípíríǹgì ni ó ń gbé ìwúwo ọkọ̀ ró. Òfin tí Robert Hooke tẹ̀ jáde ní 1678 fi hàn pé bí ìwúwo orí sípíríǹgì bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe súnkì tó. Ṣọ́ọ̀kì ní tirẹ̀ kì í sábà gbé ẹrù. Òróró inú rẹ̀, tí ó ń gba ihò tóóró kọjá, ni ó ń dín fífò sípíríǹgì kù. Bí a bá pe ti àkọ́kọ́ ní agbẹrùró, tí a pe èkejì ní adínfòkù, orúkọ kọ̀ọ̀kan yóò sọ iṣẹ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ tí a dìídì ṣe láti gbé ẹrù, ẹni tí ó ra adínfòkù tuntun nítorí ìwálẹ̀ ti náwó sí ibi tí àrùn kò sí.

Ó tún yẹ kí a ya ìwálẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìdẹ̀. Ìwálẹ̀ a máa tán bí a bá sọ ẹrù kalẹ̀. Ìdẹ̀ kì í tán, nítorí agbẹrùró fúnra rẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti dín kù.

3. Ìṣirò

Ìwúwo orí ìkọ́ ni ìwúwo tí ọkọ̀ àfàtẹ̀lé gbé lé ìkọ́ ẹ̀yìn jíìpù. Ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà ni pé kí ó jẹ́ ìdá 10 sí 15 nínú 100 ìwúwo ọkọ̀ àfàtẹ̀lé. Fún ọkọ̀ oníkìlógíráàmù 1,500, èyí jẹ́ 150 sí 225.

Ká ní ó jẹ́ 200, tí táyà iwájú fi mítà 2.8 jìnnà sí ti ẹ̀yìn, tí ìkọ́ sì fi mítà 1.2 wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn. Ohun tí yóò kún ti táyà ẹ̀yìn ni 200 × 4.0 ÷ 2.8, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 286. Kìlógíráàmù 86 tí ó lé ti kúrò lórí táyà iwájú. Ìdí nìyí tí ọwọ́ ìdarí fi ń fúyẹ́, tí iná iwájú sì ń tàn sí ojú ẹni tí ń bọ̀.

4. Ìdènà

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹrù má ṣe kọjá òdiwọ̀n tí aṣọkọ̀ kọ sílẹ̀. Kò dára kí a kó ẹrù sí ìdí ọkọ̀ àfàtẹ̀lé láti mú ìkọ́ fúyẹ́, nítorí bí ìwúwo orí ìkọ́ bá kéré jù, ọkọ̀ àfàtẹ̀lé yóò máa fì sọ́tùn-ún sósì lójú ọ̀nà.

Agbẹrùró oníafẹ́fẹ́ lè gbé ìdí jíìpù sókè, ṣùgbọ́n kò lè dá ìwúwo tí ó sọnù padà sí táyà iwájú. Ìkọ́ apínwúwo ni ó lè ṣe ìyẹn, níbi tí aṣọkọ̀ bá ti gbà á láyè. Kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì tí ó ń fi kún òdiwọ̀n aṣọkọ̀.

5. Ìgúnlẹ̀

Gbígbé sókè àti pípín ìwúwo kì í ṣe ohun kan náà. Bí ìwé ìtọ́ni bá lo ọ̀rọ̀ kan fún méjèèjì, awakọ̀ yóò rí ọkọ̀ tí ó dúró gbọọrọ, yóò rò pé ewu ti kúrò, yóò sì máa sáré lọ pẹ̀lú táyà iwájú tí kò tẹ ilẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, kí atúmọ̀ èdè tó mú ọ̀rọ̀ kan, kí ó kọ́kọ́ bi í léèrè: iṣẹ́ wo ni ohun yìí ń ṣe?