Ẹ̀kọ́ Lórí Ìrìn-àjò: Òru Kan Lórí Òkè Túbkál

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gun Òkè Ìdànrè rí, àtẹ̀gùn tó lé ní 600, ẹ sì sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ kan náà láìsí wàhálà kan ju kí ẹsẹ̀ máa ro yín. Àwa náà ti gùn ún. Ìdí nìyẹn tí a fi rò pé bí òkè kan ṣe rí ni gbogbo òkè rí.

Ilẹ̀ Mọ̀rókò ni Túbkál wà, láàrin àwọn òkè Átílásì. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 4,167, kò sì sí òkè tó ga tó o ní gbogbo àríwá Áfíríkà. Láti ọdún 1942 ni wọ́n ti sọ agbègbè rẹ̀ di ọgbà ìpamọ́ ti orílẹ̀-èdè, kí igi àti ẹranko ibẹ̀ má baà parun. Abúlé Imlil, tí ó jìnnà sí ìlú Marrakech ní ohun tó lé ní kìlómítà 60, ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Agbègbè yìí ni ilẹ̀ ti mì tìtì ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, tí ẹ̀mí tó súnmọ́ 3,000 sì lọ sí i. Ẹnikẹ́ni kò sì lè dá gun òkè náà láìní afinimọ̀nà tí ìjọba mọ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti pa obìnrin àlejò méjì nítòsí ibẹ̀ ní ìparí ọdún 2018.

A jẹ́ márùn-ún: tọkọtaya méjì àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó máa ń gbá bọ́ọ̀lù, tí agbára rẹ̀ ju ti gbogbo wa lọ. Ìbaaka ni ó ru ẹrù wa. A kọjá ní Sidi Chamharouch, níbi ojúbọ kan tí àwọn ènìyàn ń wá ìwòsàn lọ. A kò wí nǹkan kan. A mu tíì, a sì ń bá tiwa lọ. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, a pa àgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìsinmi àwọn agunkè, ní mítà 3,207.

Níbí ni kí ẹ fi ọkàn sí. Imlil ga tó nǹkan bí mítà 1,740. Nínú ọjọ́ kan ṣoṣo, a ti fi nǹkan bí 1,460 kún un. Àwọn onímọ̀ ìlera sì sọ pé bí ènìyàn bá ti kọjá mítà 3,000, kí ibi tí yóò sùn lálẹ́ kan má ṣe ga ju ti àná lọ pẹ̀lú ohun tó ju 500 lọ. Bí a ti ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́. Lórí ṣóńṣó Túbkál, èémí kan kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún èyí tí à ń mí sínú ní etí òkun lọ. Ara a máa mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n ó fẹ́ àkókò, àkókò gan-an ni ìrìn-àjò kúkúrú kò sì ní. Agbára ọ̀dọ́ kò ràn án.

Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti ọyẹ́. Omi inú ìgò wa dì kí ilẹ̀ tó mọ́. A ti kó Màgàríbì àti Ìṣáì pọ̀, a sì gé Ìṣáì sí rákà méjì. Ẹnì kan nínú wa fẹ́ ṣe tàyàmámù nítorí òtútù, ó sì rántí ìtàn Amru ọmọ Al-Asi tí ó ṣe é ní òru òtútù, tí Ànọ́bì sì rẹ́rìn-ín, tí kò bá a wí. Òótọ́ ni ìtàn náà. Ṣùgbọ́n ìdáná gáàsì wà nínú àgọ́ ìdáná wa! A ní kí ó lọ gbé omi kaná.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kò jẹun alẹ́. Ó ní àárẹ̀ ni. Ní òru, ó bì. Ó ní tíì ni. Ní agogo mẹ́rin òwúrọ̀, ó ti wọ bàtà rẹ̀, ó ní kí a máa lọ. Afinimọ̀nà wò ó, ó ní kí ó rìn tààrà, kí ó máa fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì. Ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Orí fífọ́ àti èébì nìkan, ènìyàn lè dúró lójú kan kí ó sinmi. Bí ìrìn bá ti dàrú tàbí ọ̀rọ̀ bá ti ń wọ́, ọpọlọ ni ó ti dé, kí a sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀, ìbáà jẹ́ òru.

Afinimọ̀nà kan ṣoṣo ni a ní. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá padà, gbogbo wa ni. Mítà 960 péré ni ó kù. A ti fi oṣù mẹ́jọ tọ́jú owó ìrìn-àjò náà, a kò sì ní parọ́ fún yín, inú bí wa. A gbé e gun ìbaaka, a tan tọ́ọ̀ṣì, a sọ̀kalẹ̀. Ní ojú ọ̀nà ni ó tó jẹ́wọ́ pé láti Sidi Chamharouch ni orí ti ń fọ́ òun. Ó ní àwọn arábìnrin kò ráhùn, báwo ni òun yóò ṣe ráhùn?

Nígbà tí ó fi máa di ọ̀sán, ní Imlil, ó ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin. Orí rẹ̀ kò fọ́ mọ́. Ó bi wá bóyá a lè tún gòkè lọ́la. Owó ti tán.