Ẹni Tí Omi Mu Yó: Èémí Ni Kí A Kọ́kọ́ Fún Un

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí kì í ṣe ti owó yíyá. Kànga wà ní ọ̀pọ̀ àgbàlá ní Mowe àti Ibafo, àwọn mìíràn sì ti ń gbẹ́ ohun tí gbogbo wa ń pè ní swimming pool sẹ́yìn ilé. Tí ọpọlọ kò bá rí èémí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 sí 6, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn, ẹ sì mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni tó wà nítòsí ni dókítà àkọ́kọ́.

Àṣà wa ni pé a ó dorí ọmọ kodò, a ó máa tẹ̀ ẹ́ níkùn kí omi lè jáde. Àwọn mìíràn a tún rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a jáwọ́. Ohun tó bá ti inú jáde lè gba ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àìrí èémí ló ń pa á, kì í ṣe omi inú ikùn.

Bí ẹ kò bá mọ ìwẹ̀, ẹ má bẹ́ sómi. Ẹ ju okùn tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo sí i. Tó bá ti jáde, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kó kọjú sókè. Kí ẹnì kan pe 112. Ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè; bí kò bá mí dáadáa, ẹ fún imú rẹ̀ pa, kí ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí àyà rẹ̀ máa gbéra. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀ 30, kíákíá, bí ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kó wọlé tó ínṣì 2 fún àgbàlagbà. Ìdá kan nínú mẹ́ta àyà ni ti ọmọdé. Ẹ fẹ́ èémí méjì, ẹ tún tẹ̀ 30. Ẹ má dáwọ́ dúró títí yóò fi mí tàbí tí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ọdún 1960, ọdún òmìnira wa, ni àwọn oníṣègùn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ jáde pé ọwọ́ méjì lásán tó láti ṣe àyà títẹ̀ yìí.

Ẹni tí ìdààmú bá máa ń gbàgbé, ìdí nìyẹn tí pátákó fi ṣe pàtàkì. Yorùbá ni kí ẹ fi kọ ọ́, gàdàgbà-gàdàgbà, pẹ̀lú àwòrán: bí omi ṣe jìn tó, 112, àdírẹ́ẹ̀sì ilé náà (a ti rí ẹni tí kò rántí ti ara rẹ̀), àti 5, 30, 2. Ibi tí ẹni tó kúnlẹ̀ létí omi yóò ti rí i ni kí ẹ kàn án mọ́, kì í ṣe ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì kò mọ̀wé kà: ìdérí tó ní àgádágodo ni ti kànga, ọgbà tó ga ni ti swimming pool.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ mú ìrọ̀rí kọ̀ọ̀kan wá; orí rẹ̀ ni a ó ti fi àyà títẹ̀ dánra wò.