Ìjókòó Ọkọ̀ Èrò Kì í Ṣe Fún Ìdí Nìkan

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ wa ní Òde Mahin títí dé Igbókòdá, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi oní-fáíbà tó ti gbó ni mo bá wá. Bí èrò kò bá fẹ́ wọ̀ ọ́ mọ́, káfíńtà là ń pè kó tú gbogbo ìjókòó dànù, kí àyè lè gba sìmẹ́ńtì, irin àti omi inú ọ̀rá tó ń lọ sí etí òkun. N kò bá yín jà sí i. Ta ló lówó ọkọ̀ tuntun báyìí? Bí a ṣe ń tú u ló ń bà mí lẹ́rù.

Pákó ìjókòó tó dábùú ọkọ̀ ló so ìhà ọ̀tún mọ́ ti òsì. Ẹ yọ ọ́ tán, kí ẹ di etí ọkọ̀ mú, kí ẹ tì í síta: ẹ óò rí i tó ń mì. Bí ìgbì bá ń gbá a tòun tẹrù, fáíbà á bẹ̀rẹ̀ sí í sán nísàlẹ̀, níbi tí ojú kò tó. Irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ pẹ̀lú: ní Amẹ́ríkà, àwọn kan máa ń gé ilé orí ọkọ̀ àfàkiri tí mọ́tò ń fà, èyí tí wọ́n fi ń rìnrìn-àjò afẹ́, kí wọ́n lè máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kó ẹrù. Irin ìsàlẹ̀ á sì tẹ̀, torí ògiri tí wọ́n gé dànù wà lára ohun tó ń gbé e ró. Bí ẹ bá yọ ìjókòó, ẹ fi igi líle dábùú padà, nọ́ọ̀tì ni kí ẹ fi dè é, kì í ṣe ìṣó lásán.

Ẹ má tíì ra ọ̀dà. Ẹ fi èèkù hámà lu ìdí ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì ń rọ̀ sí. Bó bá dún gbá-gbá, pákó inú rẹ̀ ṣì le. Bó bá dún bí ẹni lu iṣu jíjẹrà, omi ti wọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnnì sì lè já sódò. Fóòmù abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ náà ń mumi bó bá gbó. Lítà omi 100 nínú rẹ̀ wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì méjì, ẹ kò sì ní rí owó ọkọ̀ gbà lórí ìyẹn.

Ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn 12, bí a bá ka ẹnì kọ̀ọ̀kan sí kílò 75, kílò 900 ló ń gbé. Àpò sìmẹ́ńtì 18 nìyẹn, kì í ṣe 30. Ẹ tẹ́ ẹ káàkiri ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ má tò ó jọ sójú kan. Ní ti dúrọ́ọ̀mù epo, ẹ so ó mọ́lẹ̀ kó má yí, kí ẹ má sì jẹ́ kí èrò kankan bá a wọkọ̀, torí èéfín bẹntiróòlù wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń sá pamọ́ sí. Ọkọ̀ tó wúwo kì í yára, nítorí náà ẹ tètè gbéra. NIWA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà omi, ti fòfin de ìrìn òru lójú omi.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ kó àpò iyanrìn tó tó kílò 900 sínú rẹ̀ ní èbúté, níbi tí omi kò jìn. Ẹ fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára ọkọ̀ níbi tí omi dé. Bí oníbàárà bá ní kí ẹ kàn bá òun fi àpò márùn-ún sí i, ẹ fi ìlà náà hàn án.