Ẹ Má Kánjú Dá Ojú Yín Lẹ́jọ́

Lẹ́tà mẹ́ta ló wà níwájú mi lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tó ń tún eyín àti párì ṣe ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ. Ti arábìnrin tó kọ́kọ́ kọ̀wé ni mo máa fún láyè jù, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé sún síwájú.

“Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 31 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Láti kékeré ni àgbọ̀n mi ti yọ síwájú, tí eyín ìsàlẹ̀ ń kọjá tòkè. N kò fi eyín iwájú gé búrẹ́dì rí. Mo wọ wáyà eyín fún ọdún kan àti ààbọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, lókè àti nísàlẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì lónìí. Ojú mi ṣì wú, ètè ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n mi kú, bí ẹ̀kọ bá ń dà sílẹ̀ lẹ́nu mi, n kì í mọ̀. Mo ti rù kan eegun. Nígbà tí màmá mi rí mi, wọ́n ní, ‘Ta ló rán ẹ níṣẹ́?’ Ẹkún ni mò ń sun lálaalẹ́. Ṣé báyìí ni màá ṣe wà?”

Rárá o, arábìnrin mi, ẹ ò ní wà báyìí. Ẹ kú ìnira, ẹ sì kú ìfaradà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe fún yín, torí ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe é, ẹ̀rù rẹ̀ á dín kù. Inú ẹnu ni wọ́n gbà wọlé, ìdí nìyẹn tí kò fi sí àpá lójú yín. Wọ́n gé párì òkè kúrò lára egungun ojú, wọ́n sì sún un síbi tó yẹ. Ti ìsàlẹ̀, wọ́n là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, lẹ́yìn àwọn eyín tí a fi ń lọ oúnjẹ, bí ẹni la pákó ní gbọọrọ, kí apá kan lè yọ̀ lórí èkejì. Hugo Obwegeser, oníṣẹ́ abẹ kan ní ìlú Zurich, ló gbé ọ̀nà líla yìí jáde nínú ìwé ní àwọn ọdún 1950, wọ́n sì ń lò ó títí dòní. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ jókòó tán, wọ́n fi pẹlẹbẹ irin titanium àti ìṣó kéékèèké dè é mọ́lẹ̀.

Ẹran ara tí wọ́n ṣí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wú. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń wú jù. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á lọ tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìyókù lè pẹ́ tó oṣù mẹ́fà, ti ẹlòmíràn á tó ọdún kan, kí igun ojú tó yọ dáadáa. Ẹ má ya fọ́tò ara yín lójoojúmọ́. Ẹ gbé ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta sábẹ́ orí bí ẹ bá fẹ́ sùn, kí omi ara lè máa sọ̀ kúrò lójú.

Nǹkan kan wà tó ń bà mí lẹ́rù nílé wa. Bí wọ́n bá ti rí ojú tó wú, ẹnìkan á ti gbé omi gbígbóná àti aṣọ ìnura dé, á ní òun fẹ́ jó o, ẹlòmíràn á fẹ́ fi òrí wọ́ ọ. Ẹ bá mi kọ̀ fún wọn. Egungun tí kò tíì so pọ̀ kò fẹ́ wíwọ́, awọ ara tó kú kò sì mọ̀ bí iná bá ń jó o. Ó lè bó kí ẹ tó fura.

Ní ti ètè yín, iṣan ìmọ̀lára kan wà tó ń gba inú egungun párì ìsàlẹ̀ kọjá, ibi àgbọ̀n ló ti ń yọ jáde. Òun ló ń jẹ́ kí ètè ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n mọ ìfọwọ́kàn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti la egungun. Bí wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án, á nà, á sì fara gbá a. Iṣan tó ń mú ètè rìn yàtọ̀ sí i, òun ló jẹ́ kí ẹ lè rẹ́rìn-ín tí ẹ ò sì mọ̀ pé ẹ̀kọ wà lágbọ̀n yín. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jí. Lọ́jọ́ tó bá ń ṣe yín wìnnìwìnnì, tí nǹkan ń ta yín níbẹ̀ lójijì, ẹ má fòyà, ó ti ń jí nìyẹn. Oṣù mélòó kan ló máa ń gbà, ó sì lè lé ní ọdún kan. Mi ò ní parọ́ fún yín: ti àwọn kan kì í padà tán, ibi kékeré kan á kú síbẹ̀, ara á sì mọ́ wọn lára. Títí ìgbà náà, ọrùn ọwọ́ ni kí ẹ máa kán ẹ̀kọ sí láti mọ̀ bó bá gbóná, ẹ má fi ètè tọ́ ọ wò.

Ohun tó kàn mí lọ́kàn jù nínú lẹ́tà yín ni pé ẹ ti rù. Egungun tó fẹ́ so pọ̀ ń bèèrè oúnjẹ. Nílé wa, ẹ̀kọ olómi onísúgà la mọ̀ fún aláìsàn, ìyẹn ò lè gbé yín dìde. Ẹ da mílíìkì sí i, ẹ po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ọn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó wà nípò yín ni gbẹ̀gìrì, ẹ̀yin ará Ìbàdàn lẹ sì ni ín. Ẹ bó èèpo ẹ̀wà kúrò pátápátá, ẹ sè é títí á fi fọ́, ẹ fi ìjábẹ̀ nà án, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ se ẹja lọ́tọ̀, ẹ yọ gbogbo egungun rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ omi ọbẹ̀, ẹ tún un sẹ́, ẹ pò ó mọ́ gbẹ̀gìrì náà. Ẹ dín ata kù, á ta ọgbẹ́. Sírínjì ńlá tí rọ́bà rírọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ ni kí ẹ fi máa rọra fún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, lórí ìjókòó, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Ẹ máa gun òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, ẹ wí fún àwọn tó ń tọ́jú yín.

Bí dókítà bá ti yọ̀ǹda oúnjẹ rírọ̀, ti ilé wa tún bá yín mu: òkèlè àmàlà kékeré pẹ̀lú ewédú, a kì í rún un kí a tó gbé e mì. Mọ́ínmọ́ín rírọ̀ náà dára. Ẹran, àgbàdo yíyan, gúgúrú àti kúlíkúlí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí dókítà á fi ní ó yá. Egungun sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó lè gba ìrúnjẹ.

Lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, búrọ́ọ̀ṣì ọmọdé tó rọ̀ àti omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́. Mo mọyì orín, ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí: fọ́nrán rẹ̀ á há sínú wáyà, orí rẹ̀ á gún ọgbẹ́.

Ẹkún òru yẹn náà ní ìdí. Ebi, àìsùn, oògùn, àti ojú tí ẹ ò dá mọ̀ mọ́: ta ni kò ní sunkún? Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sí ìkejì máa ń le lọ́kàn. Bí ó bá di oṣù kan tí ọkàn yín kò fúyẹ́, ẹ sọ fún wọn. Ẹ̀yin màmá, bí ìwé ìròyìn yìí bá dé ọwọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi ọmọ yín pé ta ló rán an. Ẹni tí kò fi eyín iwájú gé búrẹ́dì láti kékeré kò ṣe fáàrí. Ẹ bá a sẹ́ gbẹ̀gìrì.

Bí ibà bá dé, tí ọyún bá ń jáde, tí ojú tó ti ń fà bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, tàbí tí eyín ò pàdé mọ́ bó ṣe ń pàdé lánàá, ẹ padà sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ̀yìn ojúgun bá ń dùn yín, tàbí tí èémí ń ṣòro, ẹ má dúró di àárọ̀.

Ọkùnrin kan kọ̀wé láti London: “Mo ti lé ní ọdún 38 kí n tó wọ wáyà eyín, owó ara mi ni mo san. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, wọ́n fún mi ní rìténà tó ń di eyín mú síbi tí wọ́n tò ó sí, mo lò ó fún oṣù mẹ́jọ. Báyìí eyín iwájú kan ti ń yí. Ṣé iṣẹ́ wọn ni kò dára?”

Ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ wọn dára, ẹ̀gbọ́n. Kò sí ọjọ́ tí eyín tí a tò kì í fẹ́ padà síbi tó ti wá, pàápàá ní ọdún àkọ́kọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì fẹ́ kó tò, ẹ ó máa wọ rìténà lóru. Ọ̀pọ̀ dókítà kì í tẹnu mọ́ ọn tó, mo sì rò pé àṣìṣe ńlá ni. Ẹ má fi agbára ti èyí tó wà lọ́wọ́ yín bọ ẹnu bí kò bá wọlé mọ́. Ẹ padà lọ bá wọn kíákíá, kí wọ́n ṣe tuntun, nígbà tí yíyí náà kò tíì pọ̀. Omi tútù àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, omi gbígbóná á ká a kò. Bí ẹ bá wà lóde àríyá, ẹ má fi bébà nù-ún-nù-ún wé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Àwọn tó ń palẹ̀ mọ́ á kó o dànù.

Ẹni kẹta kò kọ ju ìlà kan lọ: ó ti pé ọdún 47, ṣé kò ti pẹ́ jù láti tún eyín àti párì ṣe?

Kò pẹ́ rárá. Ní ti iṣẹ́ abẹ párì, ọmọdé ló gbọ́dọ̀ dúró, torí párì rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Tiyín ti dàgbà tán. Ohun tí wọ́n máa wò ni bí ìdí eyín yín ṣe le tó, àti bí ara yín ṣe lè gba oògùn akunilóorun. Ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí jẹnotáìpù SS. Bí ẹ bá ń mu sìgá, ẹ jáwọ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó dájọ́ iṣẹ́ abẹ, torí kì í jẹ́ kí egungun so bọ̀rọ̀. Wáyà ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ìtọ́jú, ẹ sá fún un. Dókítà tó ń to eyín àti dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ párì gbọ́dọ̀ jọ yẹ̀ yín wò kí ẹnikẹ́ni tó lẹ wáyà kankan. Ẹ ó rí àwọn méjèèjì ní ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ńlá, bíi UCH n'Ìbàdàn àti LUTH ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání bí ẹ bá ń lọ.