Ẹ Jẹ́ Kí Jíà Gbóná Kí Ẹ Tó Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọmọ Ògún Lákáayé, ẹ̀yin tí irin ń bọ́, tí epo dúdú kì í tán léèékánná yín, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ti bí a ti í tú ẹ́ńjìnnì tàbí bí a ti í dè é, nítorí èyí tí ọ̀gá yín kọ́ yín kí ẹ tó ṣe fíríìdọ̀mù tó yín í jẹun. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kan ni, tí ọ̀pọ̀ ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, ṣùgbọ́n tí ó lè gbé orúkọ ẹni ga tàbí kí ó wọ́ ọ nílẹ̀: ìyẹn nígbà tí oníbàárà tó ti ń tu owó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ bá fẹ́ ra jíìpù tòkunbọ̀, tó wá bá yín tó ní, ‘Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó, ẹ̀rù jíà rẹ̀ ló ń bà mí.’

Ẹ má ṣe fi ẹ̀rù náà rẹ́rìn-ín, ẹ má sì fi ‘kò séwu’ pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Ojú ni alákàn fi í ṣọ́rí. Ẹni tó ń bẹ̀rù kí ó tó sanwó sàn ju ẹni tó ń sunkún lẹ́yìn tó ti san án lọ. Iṣẹ́ yín ni láti sọ ẹ̀rù rẹ̀ di àyẹ̀wò.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ mọ irú jíà tó wà nínú ọkọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Jíìpù tí àwọn tó ń ṣe é ń pè ní crossover, bó ti wù kí ó ga tó, ara mọ́tò kékeré ni wọ́n mọ ọ́n lé, oríṣi jíà méjì ni a sì máa ń bá nínú rẹ̀ jùlọ. Èkíní ni ọtomátíìkì eléyín, tí ń ti orí jíà kìíní bọ́ sórí èkejì, tí etí ẹni tó mọ̀ ọ́n sì lè gbọ́ ìgbà tó pààrọ̀. Èkejì ni CVT, tí kò ní kìíní, tí kò ní kejì: bẹ́líìtì irin ni ó ń yí láàárín púlì méjì, tí àwọn púlì náà ń fẹ̀ tí wọ́n sì ń fún bí eré ọkọ̀ ti ń pọ̀ tàbí tó ń dín. Agbára ọ́ìlì ni púlì fi ń di bẹ́líìtì yìí mú. Bí ọ́ìlì bá ti jó, tàbí tí ó gbóná kọjá ààlà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bẹ́líìtì a máa yọ̀, irin a máa họ irin, èérún rẹ̀ a sì bá ọ́ìlì wọ gbogbo ara jíà.

Nítorí náà orúkọ ọkọ̀ nìkan kò tó, ọdún rẹ̀ ni kí ẹ béèrè. Honda CR-V ti 2014 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, jíà eléyín ló ní. Ti 2015, CVT ni. Nissan fa àdéhùn àtúnṣe ọ̀fẹ́ orí CVT àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ti 2003 sí 2010 gùn ní Amẹ́ríkà, Murano àti Rogue wà nínú wọn, láti ọdún 5 tàbí 60,000 máìlì sí ọdún 10 tàbí 120,000 máìlì, kí ọkàn àwọn tó rà á lè balẹ̀. Àdéhùn yẹn ti parí. Ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí ní Kùtọnu tàbí l'Ékòó, àpò ara rẹ̀ ni yóò fi gbọ́ bùkátà rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má gbọ́ CVT kí ẹ sá: RAV4 hybrid ti Toyota, e-CVT ni wọ́n ń pe jíà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bẹ́líìtì kankan níbẹ̀, eyín ni.

Bí ẹ bá ti mọ irú rẹ̀, ẹ lọ bá ọkọ̀ náà láàárọ̀, kí ẹni tó ń tà á tó ṣáná sí i. Ẹ gbé jíà sí R, ẹ gbé e sí D, kí ẹ wò ó bóyá ó ń falẹ̀ kí ó tó dáhùn, tàbí ó ń ta ẹni nípàá. Lẹ́yìn náà ẹ wà á. A kì í mọ ìwà ènìyàn títí a ó fi bá a rin ìrìn àjò. Bẹ́ẹ̀ náà ni jíà, tí ń ṣe ọmọlúàbí nígbà tó tútù. Ẹ gbé e wọ inú gosiló, ẹ gbé e gun òkè, ẹ fi rìfáàsì gun òkè náà, títí ara rẹ̀ yóò fi gbóná dáadáa. Bí ariwo ẹ́ńjìnnì bá ń lọ sókè tí ọkọ̀ kò sì sáré, bí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ rọra tẹ iná, tàbí tí agbára rẹ̀ ṣàdédé rọ lẹ́yìn tó gbóná, ó ti sọ tẹnu rẹ̀ fún yín.

Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Gbogbo mọ́tò tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ibi tí a ń ki ẹ̀rọ síkáànì bọ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ a máa pa àkọsílẹ̀ àìsàn rẹ́ kí oníbàárà tó dé, ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá: ẹ̀rọ kan náà yóò fi hàn pé àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ kò tíì parí. Ó lè jẹ́ pé wọ́n tú bátìrì ni. Ẹ béèrè ìdí, kí ẹ sì tún síkáànì rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ wà á tán.

Ẹ má sì yára dájọ́ ikú fún jíà. RAV4 ti 2001 sí 2003, kọ̀ǹpútà ló ń mú kí jíà ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ta ẹni nípàá. Ẹni tó bá sáré lọ ra jíà mìíràn ní ọjà Ládipọ̀ láì wo kọ̀ǹpútà, ìyà kan náà ni kọ̀ǹpútà yóò fi jẹ èyí tó rà. Ẹ yẹ ọ́ìlì wò pẹ̀lú, àwọ̀ rẹ̀ àti òórùn rẹ̀. CVT Nissan ń fẹ́ NS-2 tàbí NS-3 gẹ́gẹ́ bí ọdún rẹ̀, ti Honda ń fẹ́ HCF-2. Ẹni tó bá bu ọ́ìlì ọtomátíìkì lásán sí i, májèlé ló bù fún un.

Ní ìparí, ọwọ́ ẹni tó ń rà nìkan ni kí ẹ ti gba owó iṣẹ́ yín. Ẹni tó bá gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, ojú rẹ̀ kò ní í lè rí àbùkù mọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé, rere àti búburú, kí ẹ fi lé oníbàárà lọ́wọ́, kí ìpinnu sì jẹ́ tirẹ̀. Bí ẹni tó ń tà kò bá sì jẹ́ kí ẹ wà á títí yóò fi gbóná, ẹ sọ fún oníbàárà yín pé ẹ kò mọ bí jíà náà ti rí, kí ó sì di owó rẹ̀ mú.