Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó ra switch nẹ́tíwọọ̀kì tòkúnbọ̀ ní Computer Village n'Íkẹjà, tó tẹ bọ́tìnì, tó rí i pé iná rẹ̀ kú tó tún tàn, á ní òun ti nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀fà nìkan ló tíì kà. Iṣẹ́ tó ṣáájú bọ́tìnì àti èyí tó tẹ̀ lé e ju bọ́tìnì fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì.

Kì í ṣe gbogbo switch lọ̀rọ̀ yìí bá wí. Oníhò márùn-ún pẹlẹbẹ tí a kàn ń ki wáyà bọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, kò ní nǹkan kan lágbárí tí a fẹ́ nù. Managed switch là ń wí, irú Cisco Catalyst 2960 tó kún ọjà àlòkù. Ó ní password, ó ní àdírẹ́sì, ó sì ní VLAN. VLAN ló ń sọ switch kan di agboolé tí a fi ògiri pín: kámẹ́rà nínú yàrá tirẹ̀, kọ̀ǹpútà akápò nínú tirẹ̀, fóònù àlejò nínú tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní yọjú sí yàrá ẹnìkejì àfi ẹni tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn fún.

Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bí wọ́n ṣe máa reset switch, password ni wọ́n gbàgbé, tàbí kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ti fiṣẹ́ sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wọn ò nílò láti nu nǹkan kan. Ẹ fi wáyà console so switch mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi ìyára rẹ̀ sí 9600. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ di bọ́tìnì Mode tó wà níwájú rẹ̀ lápá òsì mú, kí ẹ dá iná padà láìjọ̀wọ́ bọ́tìnì náà, títí iná SYST á fi pọ́n bí ọsàn fúngbà díẹ̀, tí á sì wá dúró ní àwọ̀ ewé. Ohun tí ẹ máa rí lójú kọ̀ǹpútà ni "switch:". Ẹ tẹ "flash_init", lẹ́yìn náà "rename flash:config.text flash:config.old", kí ẹ wá tẹ "boot". Switch á jí bí ẹni tí kò mọ ibi tó ti wá, kò sì ní béèrè password. Nígbà tí ẹ bá ti tẹ "enable", ẹ dá orúkọ fáìlì yẹn padà sí config.text, ẹ kó o sínú running-config, ìyẹn ètò tí switch ń lò lọ́wọ́, ẹ fi password tuntun síbẹ̀, kí ẹ sì fi pamọ́. VLAN kan ṣoṣo kò ní sọnù.

Bó bá wá jẹ́ pé nínù náà lẹ fẹ́ nù ún, abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Ẹ tẹ "show running-config", kí ẹ da gbogbo ohun tó bá tú jáde sínú fáìlì kan tí kò sí lórí switch náà. Ẹ ya fọ́tò gbogbo wáyà tó wà lójú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ihò wọn. Bí àwọn èèyàn bá ń fi ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ dúró dìgbà tí ọ́fíìsì bá ti tú. Ẹ wá tẹ "write erase".

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí. "Write erase" kì í fọwọ́ kan VLAN. Inú fáìlì mìíràn tó ń jẹ́ vlan.dat ni wọ́n wà, "delete flash:vlan.dat" ló sì ń mú un kúrò. Bí ẹ bá ti ṣe méjèèjì, ẹ tẹ "reload". Switch lè bi yín bóyá kó fi àyípadà tí ẹ ti ṣe pamọ́. "No" ni kẹ́ ẹ dá a lóhùn. Ẹni tó bá fi ìkánjú tẹ "yes" ti kọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù padà, torí gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú iyè switch títí iná á fi kú.

Kí ni vlan.dat lè ṣe fúnni bí a kò bá nù ún? Cisco ní ètò kan tó ń jẹ́ VTP, tí switch kan fi ń kọ́ àwọn yòókù ní VLAN tó wà nínú nẹ́tíwọọ̀kì. Nọ́ńbà VTP kan wà nínú vlan.dat tó ń lọ sókè nígbàkigbà tí a bá yí VLAN padà. Ní version 1 àti 2, bí orúkọ domain àti password VTP wọn bá ti bára mu, switch tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ni àwọn yòókù ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká ní nọ́ńbà nẹ́tíwọọ̀kì yín jẹ́ 40, tí ẹ wá gbé switch kan tí tirẹ̀ jẹ́ 87 wọlé, tí ẹ sì fi trunk, ìyẹn ìsopọ̀ tó ń gbé ju VLAN kan lọ, so ó mọ́ àwọn tó kù. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, VLAN tirẹ̀ á ti rọ́pò tiyín. Gbogbo ihò tí VLAN rẹ̀ bá ti parẹ́ á dákẹ́, àwọn akọ̀wé á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ, ẹni tó gbé ẹrù wọlé kò sì ní fura sí ẹrù náà.

Tòkúnbọ̀ láti òkè òkun kò fi bẹ́ẹ̀ léwu lápá yìí, torí domain rẹ̀ kì í sábà bá tiyín mu. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni èyí tó ti wà nínú stọ́ọ̀ tiyín látọdún tó kọjá. Kó tó fara kan nẹ́tíwọọ̀kì, ẹ tẹ "show vtp status", kí ẹ rí i pé òdo ló wà níwájú "Configuration Revision".

Ẹ má sì gbàgbé pé bẹ́ ẹ bá nu switch, ẹ ti wó gbogbo ògiri inú rẹ̀. Gbogbo ihò á padà sí VLAN 1, fóònù àlejò á sì máa rí kọ̀ǹpútà akápò. Lẹ́yìn nínù náà, Cisco a máa tan spanning tree, tó ń dènà kí ìsọfúnni máa yípo láìdúró, fúnra rẹ̀. Àwọn HP ProCurve àtijọ́ ń kọ́? Tiwọn a máa wà ní pípa bí wọ́n bá ti di tuntun. Bí wáyà méjì bá so ProCurve bẹ́ẹ̀ mọ́ switch kan náà, ẹ yọ ọ̀kan kí ẹ tó tan iná.

Ọ̀rọ̀ kù fún ẹ̀yin tó ń tà. Ní 2023, àwọn olùṣèwádìí ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ESET sọ pé àwọn ra router àlòkù 18. Mẹ́sàn-án nínú wọn ṣì gbé àṣírí ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ sínú. Bó ṣe rí fún router náà ló rí fún switch. Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sọ́jà, ẹ tún tàn án. Bó bá bi yín pé "Would you like to enter the initial configuration dialog?", ẹ dáhùn "no", kí ẹ wá tẹ "show vlan brief". Bí ẹ kò bá rí ju VLAN 1 àti 1002 dé 1005 tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ lè tà á.